Àyọ̀ká, Gbé Kámẹ́rà Rẹ Lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà

Ifangni,
ọjọ́ Ẹtì, ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ rẹ tó máa ń fẹnu kan fóònù bó bá ti gbọ́ ohùn mi. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́ láàárọ̀. Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń yan gààrì, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo jókòó sí. Ọyẹ́ ti dé pátápátá. Lónìí, kùrukùru bo ọ̀nà Igolo débi pé gbogbo oní-zémíjàn tan iná ọ̀kadà wọn títí oòrùn fi yọ.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé mo kọ̀wé. N kò kọ lẹ́tà sí ọ mọ́ láti ìgbà tí o ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n fóònù ni mo fi ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, n kò sì fẹ́ fi fóònù tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ inú fóònù máa ń yá jù.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, oko Ko-Koumolou ni mo wà, mo ń kó ẹ̀gẹ́ jọ. O ní, "Papa, wọ́n ti fún mi ní kọ́ńjé mi, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí, n kò sinmi rí. Mo fẹ́ lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí n lọ ya fótò. Àwọn kan wà tí amọ̀nà máa ń mú káàkiri, mo fẹ́ bá wọn lọ." Ohùn rẹ ń fò. Bí ohùn rẹ ti rí nìyẹn ní ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Kí ni mo sì fi dá ọ lóhùn? Mo ní, "Kí lo sọnù síbẹ̀? Ṣé kò sí ohun téèyàn lè yà ní Ifangni ni?"

Ohùn rẹ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà o ní, "Ó dáa, Papa. Mo ti gbọ́." O kí mi pé ó dàbọ̀, mo sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ mi bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ní o ti fẹ́ fagi lé ìrìn àjò náà. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ọkọ ọmọ ní kó máa lọ, pé òun á tọ́jú ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i lẹ ní kó má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Ó ní, "Ẹ ti ya gbogbo ìlú yìí ní fótò, àmọ́ ẹ kò gbé kámẹ́rà jáde kúrò nínú ilé fótò yín rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín. Àwọn tó ṣe ìyàwó, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí wọ́n wá bá yín. Mo rò pé bí iṣẹ́ yín ti rí nìyẹn. Àbí nǹkan wà níbẹ̀?"

Nǹkan wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà, ó sì ní òun kọ́ ló yẹ kí n sọ ọ́ fún, ìwọ ni.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, gbọ́ èyí lẹ́nu mi: lọ. Má fagi lé e. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Àìkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe tìrẹ. Tèmi ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà lẹ́ẹ̀kan, mo rí ohun tí mo rí, mo sì ti ń sá fún un láti ìgbà náà. N óò sọ ọ́ fún ọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣubú, kí o sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èkíní, nípa àwọn tó fẹ́ mú ọ káàkiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ fótò ní Àjàṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní òmìnira. Mo háyà yàrá kan ní Igolo, nítòsí ibodè, mo ta aṣọ búlúù mọ́ ògiri rẹ̀, mo sì ń ya fótò ìdánimọ̀ fún àwọn tó ń kọjá sí Ìdíròkó. Àga kan náà, aṣọ búlúù kan náà, "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, má rẹ́rìn-ín," láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó sú mi. Mo fẹ́ ya òkun. Mo fẹ́ ya àwọn ọkọ̀ apẹja tí wọ́n ní wọ́n máa ń kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi ní etíkun Gánà, kí n wá gbé e kọ́ sára ògiri mi, kí àwọn oníbàárà mọ̀ pé ọ̀gá ni mí.

Ọkùnrin kan wà ní Kútọnu tó gbé tábìlì síta, tó lẹ àwòrán òkun mọ́ ọn. Ó ní òun máa ń kó èèyàn lọ, pé amọ̀nà á pàdé wa ní Lòmé, á sì mú wa rìn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Iye tó pè kò tó ìdajì ohun tí àwọn yòókù ń pè. Inú mi dùn. N kò bi í pé ta ni amọ̀nà náà. N kò bi í pé ibo la máa sùn. Mo san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo dé Lòmé, mo dúró sábẹ́ igi tó júwe fún mi títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ẹnikẹ́ni kò wá. Obìnrin kan tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí títí, ó wá ní, "Ìwọ ni ẹnì kẹta lọ́sẹ̀ yìí."

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, Àyọ̀ká. N kò ní kí o wá èyí tó wọ́n jù. Àwọn mìíràn a máa gbówó lé e nítorí kí orúkọ wọn lè dún. Mo ní kí o béèrè ni. Béèrè orúkọ amọ̀nà náà, kí o sì bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé ọmọ ibẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń ka ìwé fún àlejò? Èèyàn mélòó ló máa wà nínú ẹgbẹ́ yín? Bí ẹ bá ti ju mẹ́jọ lọ, ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú nìkan ni wàá máa yà. Ṣé wọ́n máa ń jáde ní kùtùkùtù àti nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, tàbí ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun yó, ni wọ́n máa ń kó èèyàn síta? Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò dára fún ojú ẹnikẹ́ni. Bi wọ́n bóyá ilé tí wàá sùn àti ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé yín lọ wo àwọn ẹyẹ wà nínú ohun tí o san. Bi wọ́n ohun tí wọ́n máa dá padà bí ara rẹ kò bá yá. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà ẹnì kan tó bá wọn lọ lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá ń ṣe òótọ́ kò ní bínú pé o béèrè.

Má sì rò pé o lè dá nìkan rìn nítorí pé o gbọ́ Faransé. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Amọ̀nà ló máa sọ fún ọ pé ọjọ́ báyìí làwọn apẹja ìlú Sẹ̀n-Lúì máa ń wọlé, pé ẹ̀bá omi báyìí làwọn ẹyẹ òfú máa ń kó jọ sí nígbà ọyẹ́, tí wọ́n máa ń pọ̀ bí òwú.

Èkejì, ẹrù rẹ. Èmi kò padà sílé láti Lòmé, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Igolo máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ tásì, mo gba Gánà lọ. Báàgì kan ni mo kó gbogbo fíìmù mi sí, mo sì jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà so ó mọ́ orí ọkọ̀ nínú oòrùn, nítorí mo fẹ́ na ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo wá fọ àwọn fíìmù náà nílé, ó ju ìdajì lọ tó rí bí eérú. Odindi ilé olódi àwọn òyìnbó tó wà létí òkun, tí mo fi ọjọ́ kan gbáko yà, ó lọ.

Nítorí náà, kámẹ́rà rẹ, bátìrì rẹ àti káàdì tí fótò ń wọ̀ sí, ọwọ́ rẹ ni kí wọ́n máa wà, inú báàgì tí o máa gbé wọ bàálù, kì í ṣe inú èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Mú káàdì mẹ́ta, má ṣe mú ẹyọ kan tó tóbi. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó fótò ọjọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà, kí o tó jẹun. Wá ọ̀rá tó mọ́ fún kámẹ́rà nítorí iyanrìn. Ojú kámẹ́rà méjì ti tó. Ẹni tó bá kó márùn-ún dání á máa pààrọ̀ ojú títí ẹyẹ á fi fò lọ.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun gan-an ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nígbà tí mo dé ìlú àwọn apẹja náà, mo rí amọ̀nà kan fúnra mi. Bàbá Kófi ni wọ́n ń pè é, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ó ti gbé Èkó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi tàwàdà. Ọjọ́ méjì ló fi mú mi rìn. Bí a bá dé ibì kan, á kọ́kọ́ kí wọn, á béèrè ọmọ, á béèrè àwọ̀n, á béèrè ẹja. Kámẹ́rà mi á ṣì wà nínú àpò. Ó di ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín kó tó ní, "Ó yá, mú un jáde." Mo máa ń rò pé ó ń fi àkókò mi ṣòfò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a dé etí òkun, gbogbo èèyàn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fa àwọ̀n. Obìnrin kan jókòó sórí iyanrìn, ó ró ìró mọ́ àyà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó kọjú sí òkun. Kò sunkún. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó tàn sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ọmọ mi, n kò tíì rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Bàbá Kófi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Ọkọ̀ kan kò dé láti àná. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ obìnrin yẹn."

Mo ti ń gbé kámẹ́rà sójú. Bàbá Kófi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà. Ó ní, "Má yà á. Jẹ́ ká lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. A rìn díẹ̀. Mo wá purọ́ fún un pé mo gbàgbé fìlà mi sẹ́yìn. Mo gba ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yọ, mo lóṣòó, mo sì yà á. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn máa ń dún. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó yíjú, ó wò mí tààrà. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo jẹ́. Mo tún un yà.

Ibẹ̀ làwọn ọkùnrin ti rí mi. Àwọn mẹ́ta ló sáré dé, ọ̀kan di okùn kámẹ́rà mú, ọ̀kan di ọrùn aṣọ mi mú. Bàbá Kófi ti padà wá mi. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú àwọn ọmọ tó lè bí, orí funfun, eékún méjèèjì nílẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó ń na ọwọ́ sí mi, ó sì ń gbá ara rẹ̀ láyà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé òun lòun mú mi wá, kí wọ́n bínú sí òun. Wọ́n wo irun orí rẹ̀, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ wọkọ̀ ló tó ní, "Ọmọ mi, o gbọ́ mi nígbà tí mo ní kí o má yà á. O gbọ́ mi dáadáa." Kò fi kún un. Ó yí padà, ó lọ.

Fótò kejì yẹn, èyí tó ti wò mí, òun ni fótò tó dára jù tí mo yà láyé mi. N kò ní purọ́ fún ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, mo gbé e kọ́ sára ògiri ní Igolo, àwọn èèyàn sì ń wá láti Àjàṣẹ́ wá wò ó. Ayàfótò ẹlẹgbẹ́ mi kan ní bóun ló yà á, òun ì bá ti kó lọ sí Kútọnu. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà oníṣòwò kan tó ń kọjá lọ sí Ìdíròkó wọlé, ó fẹ́ ya fótò ìdánimọ̀. Ó jókòó, mo ń tún aṣọ búlúù ṣe. Ó gbójú sókè rí àwòrán náà. Ó ní, "Ta ló kú fún obìnrin yìí?"

Mo ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "O mú ojú rẹ̀ wá síbí, o fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀." Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní òun á ya fótò òun níbòmíràn.

Mo já àwòrán náà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò dá, mo tún mú ọ̀nà Gánà pọ̀n. Àwòrán náà àti fíìmù rẹ̀ ni mo gbé dání, mo sì gbé kámẹ́rà, kì í ṣe nítorí ohun tí mo fẹ́ yà, bí kò ṣe pé n kò mọ bí mo ṣe lè rìn láìsí i lọ́rùn. Bàbá Kófi ń tún àwọ̀n ṣe. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó ní, "Ẹfúà lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò padà wá."

Ẹfúà ń yan ẹja nínú ọgbà ilé rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Kófi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wa. Mo fún un ní àwòrán náà, mo tọrọ àforíjì. Ó wò ó, ó wò ó. Ó béèrè bóyá èyí ni gbogbo rẹ̀. Mo fún un ní fíìmù náà pẹ̀lú. Ó kó méjèèjì sínú iná abẹ́ ẹja. Fíìmù náà ká kò, ó rùn, ó sì parẹ́.

Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó sọ nǹkan kan, Bàbá Kófi yíjú sí mi, ó ní, "Ó ní kí o dúró."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú, ó ti wọ aṣọ pupa kan tó dára, ó sì fi òróró pa ojú ọmọ náà. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fa ọmọ mọ́ra. Ó sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sí ọrùn mi. Bàbá Kófi ní, "Ó ní, ó yá, yà wá báyìí."

Mo gbé kámẹ́rà sójú láìṣí ìdérí rẹ̀. Ọmọ náà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo yà wọ́n. Mo fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ láti ọwọ́ Bàbá Kófi, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ara mi.

Kò sí ìgbà tí n kò rántí obìnrin náà, Àyọ̀ká. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà ni mo ń rántí, apá iyanrìn. Mo padà dé Igolo, mo búra pé n kò ní gbé kámẹ́rà jáde mọ́. Mo jókòó ti aṣọ búlúù títí àwọn èèyàn fi ní fóònù lọ́wọ́, tí mo fi ti ilé fótò, tí mo sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Mo pè é ní ìrònúpìwàdà. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ ní, "Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ní kẹ́ ẹ ya òun." Òótọ́ ni. Ẹfúà kò ní kí n má ya fótò mọ́. Ó fi hàn mí bí wọ́n ti ń ṣe é ni. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo gbé wálé, òun ni mo sì fẹ́ fi dí ọ lọ́nà.

Nítorí náà gba odindi rẹ̀. Kí èèyàn kí o tó mú kámẹ́rà jáde. Béèrè. Bó bá kọ̀, dúpẹ́, kí o sì kọjá. Ẹlòmíràn á gbà. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ orúkọ wọn sí i. Fi àwòrán náà hàn wọ́n kí o tó kúrò. Bí o bá ṣèlérí pé wàá fi í ránṣẹ́, fi í ránṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ kúkú mọ èyí jù mí lọ: agbẹ̀bí kì í gbé ọwọ́ lé aláboyún láìsọ fún un. Bí o ti ń ṣe ní ọsibítù ni kí o máa ṣe níbẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ti bàálù, kí o lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìyàwó ní Gàbọ́ọ̀nù. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìdíròkó ló bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ti rí èyí tó pọ́ọ́kú. Mo dé pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Kútọnu pẹ̀lú agbádá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wo páásípọ̀ mi, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Papa, ṣé ẹni méjì ni yín?" Ìwé tiwa kọ orúkọ mi ní ADECHINA. Àbúrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Ìdíròkó, kọ ADESHINA. Lẹ́tà kan péré! Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní orúkọ kan náà ni, pé odò kékeré kan ló pín in. Bàálù gbéra, èmi àti agbádá mi wà nílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo tó lọ, tí mo sì gba ìlú méjì kọjá, tí mo tún sanwó lórí báàgì tí mo rò pé owó rẹ̀ wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó ti wọlé ọkọ nígbà tí mo dé.

Ka orúkọ rẹ lẹ́tà lẹ́tà kí o tó sanwó. Tètè rà á, kí àwọn ọlọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè; wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì àárín ọ̀sẹ̀ máa ń pọ́ọ́kú ju ti òpin rẹ̀ lọ. Bí o bá rí èyí tó pọ́ọ́kú, ro báàgì mọ́ ọn, ro oúnjẹ ojú ọ̀nà mọ́ ọn, ro wákàtí tí wàá fi jókòó sí ìlú onílùú. Nígbà mìíràn, èyí tó lọ tààrà ló pọ́ọ́kú jù. Yan èyí tó máa gúnlẹ̀ ní ojúmọmọ. Sẹ̀nẹ̀gà kò béèrè físà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n má gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwọ tí o ń gún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́.

Má ya sójà, má ya ibodè. Ẹ̀bá ibodè Igolo lo ti dàgbà, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ. Bí amọ̀nà bá ní kí o má yà á, má padà lọ wá fìlà.

Ọ̀kan kù. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá náà, mú ọjọ́ kan tí o kò ní gbé kámẹ́rà jáde rárá. Jẹ ìrẹsì ẹja wọn, jókòó, jẹ́ kí ẹnì kan bi ọ́ léèrè ibi tí o ti wá. Sọ fún un pé Ifangni ni. Kò ní mọ ibẹ̀. Júwe rẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ ní gààrì tí òun ń yan yìí, tìrẹ wà níbẹ̀, pé kò sí ẹni tó mọ bí oúnjẹ ibẹ̀ ti máa ṣe inú rẹ. Mo sọ fún un pé báàgì ní ìwọ̀n. Ó ń yan gààrì rẹ̀ lọ.

Kí ọ̀nà yẹ ọ́, ọmọ mi. Kí ojú rẹ rí ire, kí ojú ire rí ọ. Àwọn tí o máa bá pàdé, kí wọ́n máa rántí rẹ sí rere lẹ́yìn tí o bá lọ.

Ọjọ́ tí o bá máa gbéra, n óò wá sí Kútọnu. N óò wọ tásì àkọ́kọ́ kúrò ní Igolo, n óò sì dúró síbi tí wọ́n ti ń fi àlejò sílẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ní kí n yà ọ́ ní fótò kí o tó wọlé. Ní kí ọkọ rẹ yà ọ́. Èmi kò ní gbé nǹkankan dání lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ fi dì mọ́ ọ.

Èmi ni,
bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn láìsọ.